Máàkì tí Mo Fún Madam Ruke

Warri kì í ṣe òkè òkun. Mo mọ̀. Ènìyàn kò gba físà kí ó tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu béèrè ọ̀nà ní Effurun, tí ọkùnrin mẹ́ta tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá wọn yí orí sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, mo mọ̀ pé ìdálẹ̀ ni mo wà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi béèrè, Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé, irú èyí tí mo fi máa ń gba ipò kìíní níbi ìdíje àríyànjiyàn nílé-ìwé wa ní Ìṣẹ́yìn.

"Ngbati," ni ọ̀kan nínú wọn wí fún èkejì. Ó wá kọjú sí mi. "Oga, leave grammar. Where you dey go?"

Ngbati ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀. Kì í ṣe èébú tán pátápátá, kì í sì í ṣe oríkì. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ó ṣe rí lára mi, nítorí ó lè dà bí ohun kékeré létí ẹni tí kò kúrò nílé rí. Orúkọ náà kọ́ ló dùn mí. Ojú ni. Ní Ìṣẹ́yìn, mo lè rìn láti ilé wa dé ọjà kí ẹnikẹ́ni má wò mí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé gbogbo wọn ló mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ní Warri, bí mo bá ti la ẹnu báyìí, orí á yí. Bí mo bá ń ra búrẹ́dì, orí á yí. Bí mo bá ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró, orí á yí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́, àmọ́ ọkùnrin tó bá dákẹ́ nínú kẹ̀kẹ́ ní Warri, òun gan-an ni wọ́n máa ń wò jù.

Bí wọ́n ṣe ń wò mí, bẹ́ẹ̀ ni mo ń gàn wọ́n. N kò ní nǹkan mìíràn tí mo lè fi san án. Mo gan òjò wọn tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Mo gan Pidgin wọn, mo ní Gẹ̀ẹ́sì tó ṣubú sínú kòtò ni. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo gàn tó ibi iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ kúrò nílé.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni, ti aládàáni, ní Airport Road, lókè ilé ìtajà táìlì kan. Ìwé-ẹ̀rí NCE nìkan ni kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ lè fúnni fúnra rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ fún ènìyàn ní dìgírì, ó ní láti so ara rẹ̀ mọ́ yunifásítì kan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì á pèsè yàrá àti olùkọ́. Yunifásítì á pèsè orúkọ. Àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ á máa wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Sátidé àti nígbà ìsinmi, títí wọn yóò fi gba dìgírì tí orúkọ yunifásítì náà wà lórí rẹ̀. Lórí ìwé, ètò tó dára ni. Yunifásítì tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí so mọ́, ní ilẹ̀ Yorùbá lọ́hùn-ún, òun náà ni mo ti jáde. Ìdí tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ nìyẹn.

Ohun tó sì ń bí mi nínú nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi sùn nínú yàrá ènìyàn mẹ́jọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jí láàárọ̀ kùtù kí n lè rí àga jókòó sí. Àwọn wọ̀nyí ń gun àtẹ̀gùn kọjá lára àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n tò fún títà, wọ́n ń jókòó sábẹ́ fáànù, ìwé kan náà ni wọ́n sì máa gbà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ kan náà. N kò tíì mọ orúkọ wọn tí mo ti gàn wọ́n.

Ẹni tó ń ṣàkóso ètò náà ni Dókítà Efe. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní Dókítà. Ìwé dókítà náà kò tíì jáde, ṣùgbọ́n orúkọ ti ṣáájú ìwé dé.

Ugborikoko ni mò ń gbé, nínú ọgbà Alhaja kan tó jẹ́ ará Ọ̀yọ́, tó ń ta ike àti kúùlà lọ́jà. Ọ̀rẹ́ àǹtí mi ni. Ó lé lógún ọdún tí Alhaja ti wà ní Warri, Yorùbá rẹ̀ sì ṣì ń ta sánsán bí ẹni pé àná ló kúrò nílé. Ọmọ rẹ̀ Bùṣírà, tó wà ní kíláàsì kẹrin, ló yàtọ̀.

"Bùṣírà, kí ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Broda, welcome."

"Yorùbá ni mo ní kí o fi kí i."

"Mummy, I don greet am na. E don hear."

Alhaja á wò mí, á mi orí. "Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ o. Ẹnu rẹ̀ ni kò fẹ́ bá wa ṣe é."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday ni mo máa ń bá ilé sọ̀rọ̀. Màmá mi á béèrè ohun tí mo jẹ, màá purọ́. Bàbá mi á gba fóònù. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ìwé-ẹ̀rí Gíréèdì Túù ló fi ṣiṣẹ́ dé ìdí. Á béèrè bí yunifásítì tí mo ní mo ti ń kọ́ni ti rí. Màá ní ó tóbi. N kò lè sọ fún un pé ilé táìlì ló wà lábẹ́ wa.

Nígbà tí àkókò ìdánrawò ìkọ́ni tó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní TP, Dókítà Efe pe àwa tí a ó ṣe alábòójútó jọ. Iṣẹ́ wa ni kí á lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, kí á wò ó bí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ, kí á fún un ní máàkì lórí ìwé tí yunifásítì fi ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá gba àádọ́ta, ó fìdí rẹmi. Àwọn alábòójútó yòókù gba ìdì ìwé, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n béèrè ẹran ìgbẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ máàkì. Kò sí ẹni tó lọ síbì kankan.

Ìwé ẹyọ kan ni wọ́n fún mi, nítorí pé ẹni tuntun ni mí: ti obìnrin kan tó ń kọ́ni ní Ugborikoko, nítòsí ilé mi. Dókítà Efe na ìwé náà sí mi.

"My pikin, rain dey fall. No go kill yourself. Just give am seventy, seventy-one. Make e no resemble the others."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Kì í ṣe ìwà òtítọ́ nìkan ló gbé mi lọ sí Ugborikoko lọ́jọ́ kejì. Ìgbéraga ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ó hàn pé irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ kọ́ ni èmi jẹ́. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo la ẹrọ̀fọ̀ kọjá dé ilé-ìwé náà.

Madam Ruke tó ọjọ́ orí màmá mi. Arábìnrin Urhobo ni, ó ga, ó sì so ìgò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn pẹ̀lú okùn bàtà. Nígbà tí mo wọlé, àwọn ọmọ dìde, wọ́n kọrin ìkíni wọn tán, wọ́n jókòó. Bùṣírà wà láàárín wọn. Ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Mo lọ jókòó sẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí bí a ṣe ń wọn nǹkan olómi. Madam Ruke gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo kan sórí tábìlì, ó mú dẹ́ríkà kan jáde, agolo tí gbogbo ọlọ́jà Warri fi ń wọn gàrí àti ìrẹsì.

"How many derica go full dis rubber?"

"Five, ma."

"Seven."

"Ten. My mama own na ten."

"Your mama dey here? Oya, write your own number for book, close am. Nobody go change mouth."

Ó rán ọmọ méjì lọ bu omi òjò tó kún ìta. Wọ́n ń dà á, gbogbo kíláàsì ń kà. Nígbà tí ó di ẹ̀kẹjọ, tí bọ́kẹ́ẹ̀tì kò tíì kún, ọmọ tó kọ méje bẹ̀rẹ̀ sí í jà pé wọn kò bu omi kún dẹ́ríkà dáadáa. "No argue," ni Madam Ruke wí. "Derica go talk." Wọ́n da omi nù, wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kọ "lítà" sójú pátákó, ó ní kí wọ́n sọ fún òun ìdí tí ìjọba fi nílò òṣùwọ̀n kan tí ẹnu ọlọ́jà kò lè yí padà. Ọwọ́ àwọn ọmọ ń lọ sókè bí ewé.

Èmi ń kọ máàkì. Èdè ìkọ́ni: ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì, Pidgin ni ó sọ. Mo fún un ní òdo. Ohun èlò ìkọ́ni: ìwé ní àwòrán lórí káàdìbọ́ọ̀dù. Kò ní káàdìbọ́ọ̀dù. Mo fún un ní òdo. Mo ronú lórí ìyẹn lọ́jọ́ náà, kí ẹ má rò pé n kò ronú. Mo wo dẹ́ríkà náà, mo wo ìwé ọwọ́ mi, mo sì sọ fún ara mi pé bí kò bá sí àwòrán dẹ́ríkà, kò sí ohun èlò. Ọdún mẹ́rin ní yunifásítì ni ènìyàn nílò kí ó tó lè ronú báyẹn.

Mẹ́rìnlélógójì ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo buwọ́ lù ú. Inú mi dùn títí mo fi délé.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti di gbogbo ìwé ránṣẹ́ sí yunifásítì ni Dókítà Efe rí ohun tí mo kọ nínú ẹ̀dà tó kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè mí, ó ti ilẹ̀kùn.

"Who send you go there?"

"Sir, ó wà nínú ìlànà pé . . ." Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi, torí ẹ̀rù.

"Speak English. Or speak Pidgin. Who send you?"

Ó wá ṣàlàyé fún mi, kì í ṣe torí pé ó fẹ́ kí n mọ̀, ṣùgbọ́n kí n lè mọ bí mo ṣe gọ̀ tó. Yunifásítì ti kọ̀wé pé àwọn kò ní tún àdéhùn náà ṣe. Ẹgbẹ́ yìí ni ìgbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ní ohunkóhun nílẹ̀ lẹ́yìn èsì yìí, kò sí ibi tí yóò ti ṣe é mọ́. Bí ó bá lọ sí yunifásítì mìíràn, láti kíláàsì kìíní ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló fìdí rẹmi nínú TP. Ẹnì kan ṣoṣo náà ni ẹnikẹ́ni lọ wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ yẹn, mo jókòó sí ìta, Bùṣírà ń fọ abọ́. Ó dìde lójijì, ó kúnlẹ̀.

"Mígwo, ma."

"Vrẹndo," ni ohùn kan dáhùn lẹ́nu géètì. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Urhobo ṣe máa ń kí àgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni àgbà ṣe máa ń ní kí ó dìde. Madam Ruke ni. Kí n tó rántí pé èmi ni alábòójútó, mo ti dọ̀bálẹ̀.

"Stand up," ó ní. "Na me you don already lay for ground for paper."

Alhaja gbé àga wá, ó sì fi wá sílẹ̀. Madam Ruke kò pariwo. Ó ní ó ti ń lọ sí ogún ọdún tí òun ti ń kọ́ni pẹ̀lú NCE. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti mú ọmọ kékeré tó ní dìgírì, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọmọ kíláàsì mú, wá fi ṣe ọ̀gá lé òun lórí. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí máa tó fẹ̀yìn tì. Àwọn aláṣẹ ti sọ pé bí òun bá ní dìgírì lọ́wọ́, òun ló kàn. Òun kò tún ní ọdún mẹ́rin mìíràn tí òun lè fi ṣeré.

"Ma, the form says English," mo ní. Ohùn mi kéré.

"Pikin wey never hear English, na English you go take teach am English?"

Mo tún fẹ́ sọ ti ìwé máàkì náà.

"I no come beg you," ó ní, ó dìde. "I just say make you see my face for house. For class you no look am."

Mo gàn án fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí: mo wọ yàrá, mo sọ fún ara mi pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò fẹ́ òtítọ́, pé èmi nìkan ni mo ṣe ohun tó tọ́. Mo tún un sọ títí tí kò fi dùn létí mi mọ́.

Nígbà tó di Sunday, mo rò ó fún bàbá mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa sọ òtítọ́ fún un láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀. Mo sọ ti ilé táìlì. Mo sọ ti ẹran ìgbẹ́ àti máàkì orí tábìlì. Mo wá sọ ti obìnrin náà, mo sì dúró kí ó yìn mí.

"Nígbà tí o wọlé," bàbá mi ní, "ta ni àwọn ọmọ ń wò?"

"Báwo, sà?"

"Àwọn ọmọ kíláàsì. Ṣé ìwọ ni wọ́n ń wò ni, àbí olùkọ́ wọn?"

Mo ronú. "Wọ́n kọ́kọ́ kí mi, sà. Lẹ́yìn ìyẹn, olùkọ́ wọn ni."

"Títí dé òpin?"

"Títí dé òpin, sà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n tẹjú mọ́."

"Nígbà tiwa, ohun àkọ́kọ́ tí ìsípẹ́kítọ̀ máa ń wò nìyẹn. Ọmọ tó bá ń wo àlejò, ẹ̀kọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó bá gbàgbé àlejò, iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Oríṣi nǹkan mélòó ni ìwé tìrẹ ní kí o máa wò?"

"Mẹ́wàá, sà."

"Ṣé ìyẹn wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀, sà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, alábòójútó," ni bàbá mi wí fún mi, bí ènìyàn ṣe máa ń kí àjèjì, ó sì gbé fóònù fún màmá mi.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gàn tí mo ti ń pín fún gbogbo ayé, ọ̀dọ̀ mi ló ń padà sí. Màmá mi bi mí léèrè ohun tí mo jẹ. Mo ní n kò jẹun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí yunifásítì rán ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá láti yẹ máàkì wò. Àṣà wọn ni kí wọ́n wo ẹni tó gba máàkì jù lọ àti ẹni tó gba èyí tó kéré jù lọ. Ìgbà náà ni mo rò pé mo rí ọ̀nà. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá rí i bí ó ṣe ń kọ́ni, ọ̀rọ̀ tán. Mo sáré lọ bá Madam Ruke, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn, kí ó sì ya dẹ́ríkà sórí káàdìbọ́ọ̀dù.

"Draw derica," ó ní. "When derica dey."

"Please, ma. Just for that day."

Ó wò mí pẹ́. "Na you know the people," ó ní.

Ẹni tó gba máàkì jù lọ jẹ́ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì kan. Kò ní kíláàsì. Dókítà Efe yá ọ̀kan fún un ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ajamimogha, níbi tí igi wà lójú títì, tí àwọn ọmọ sì ti ń kọ́ ìdáhùn sórí láti ọjọ́ Monday. Ó ní kí wọ́n sọ àwọn ẹ̀yà ara òdòdó. Wọ́n sọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ kí ó tó parí ìbéèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́.

Láti ibẹ̀ ni a ti wá sí Ugborikoko. Madam Ruke dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán agolo kan tó fi máákà yà. "Capacity is the amount a container can hold," ó ní. Àwọn ọmọ tún un sọ. Ó béèrè ìbéèrè kan. Kò sí ọwọ́ tó lọ sókè. Gbogbo wọn ti yí ọrùn, wọ́n ń wo ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ń wo bàtà rẹ̀, wọ́n ń wo fóònù rẹ̀ tó ń dún. Bùṣírà náà ń wò ó. Mo fẹ́ pariwo pé kí wọ́n má wo ibí. Èmi ni mo pa kíláàsì yẹn, tí mo fi ìmọ̀ràn mi pa á, pẹ̀lú máákà àti káàdìbọ́ọ̀dù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò dúró ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nígbà tí a padà dé Airport Road, ó jókòó ti òkèlè sítáàṣì àti ọbẹ̀ bánga, ọbẹ̀ ẹyìn wọn, tí Dókítà Efe ní kí wọ́n gbé wá, ó fi Yorùbá pè mí mọ́ra.

"Ọmọ Ìṣẹ́yìn, wá níbí. Kí lo wá ṣe báyìí? Gbogbo wọn lé ní àádọ́rin, ìwọ nìkan lo ní mẹ́rìnlélógójì. Kí ni n ó ti sọ pé ó fa ìyàtọ̀?"

"Èmi nìkan ni mo lọ wò ó, sà. Àwọn yòókù kò lọ síbì kankan."

Ó gé sítáàṣì, ó gbé e mì. "N kò gbọ́ ìyẹn."

"Mo ní . . ."

"Fetí sílẹ̀, àbúrò. Bí mo bá gbọ́ ọ, mo ní láti kọ ọ́. Bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á wọ́gi lé TP gbogbo wọn, obìnrin tìrẹ yìí pẹ̀lú wọn. Ṣé kí n gbọ́?"

Dókítà Efe, tí kò gbọ́ Yorùbá, ń wo ẹnu wa bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

"Rárá, sà," mo ní. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ ọ́ pé mo ṣi ìdájọ́ ṣe, pé obìnrin náà mọ iṣẹ́. Ó ní òfin kò gba ìyẹn. Bí ìdájọ́ bá ní àṣìṣe, alábòójútó mìíràn ni yóò lọ wò ó, kò sì sí àyè mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè tún ṣe ni ìṣirò. Kí n kọ ọ́ pé n kò mọ bí a ṣe ń ro nǹkan pọ̀.

Dókítà Efe ti na bírò sí mi. "Seventy-one," ó ní. "Make e no resemble."

Mo kọ ọ́. Mo kọ̀wé pé mo ṣi ìṣirò ṣe. Mo kọ ìwé máàkì tuntun, mo fún un ní máàkì tó pé lórí èdè ìkọ́ni, mo fún un ní èyí tó pé lórí ohun èlò. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé máàkì tuntun yẹn súnmọ́ òtítọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, irọ́ ni mo sì fi kọ ọ́.

Mo gbà pé inú rẹ̀ yóò dùn. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé rẹ̀ kí n lè fẹnu ara mi sọ ọ́ fún un. Ó ń ṣa dọ́sítà jọ, àwọn ọmọ ti lọ ilé.

"So na calculation you miss," ó ní nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán.

"That is what I wrote, ma. But you have passed."

"Forty-four pain me. I cry for house. But somebody sit down for my back, look me, write am. Na mumu, but im come." Ó gbọn ẹfun dànù lára dọ́sítà. "Dis seventy-one, who come?"

"Ma, I did it for you."

"I know. I go collect the degree, no fear. I suffer for am. But nobody never give me mark."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò bínú sí i. Ní gbogbo oṣù tí mo fi gàn wọ́n ní Warri, òun nìkan ló gàn mí pẹ̀lú ìdí.

Èsì jáde. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn; àwọn ènìyàn ń fi fóònù ya àwòrán orúkọ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n fi ọ̀dà funfun pa orúkọ yunifásítì rẹ́ lára pátákó ìta, wọ́n fi àyè sílẹ̀. Dókítà Efe ti ń bá òmíràn sọ̀rọ̀. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò nílò mi mọ́. Ó sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Màmá mi ní kí n máa bọ̀ nílé. Mo ní mò ń bọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá dé Ìṣẹ́yìn báyìí, wọn yóò máa pè mí ní ará Warri. Ibi tí wọ́n ti ń pè mí ní Ngbati sì ni Warri náà. Mo ń di ẹrù mi, mo ń tú u.

Àárín ìyẹn ni Bùṣírà dé láti ilé-ìwé, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Aunty Ruke say make you come Thursday. Eight o'clock. Make you carry your paper."

"Ìwé wo?"

"I no know. Your paper." Ó ti ń lọ, ó tún yíjú padà. "Broda, wọ́n ní kí ẹ má pẹ́."

Mo ní ìwé máàkì òfìfo kan nínú fáìlì, tó ṣẹ́kù láti ọjọ́ tí mo kọ tuntun. Mo mú un dání. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, àgbàlá ilé-ìwé kún fún omi, mo bọ́ bàtà kí n tó wọlé. Madam Ruke kò kí mi ju bí ó ti yẹ lọ. Ìwé tí wọ́n fi fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún ipò ọ̀gá wà lórí tábìlì rẹ̀ lábẹ́ agolo dẹ́ríkà. Kò sí káàdìbọ́ọ̀dù kankan lára ògiri.

"Wetin you want make I write, ma?" mo béèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi Pidgin bá a sọ̀rọ̀.

"No ask me. Measure," ó ní.

Mo jókòó sẹ́yìn, lórí bẹ́ǹṣì tó kéré fún mi. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n kí mi, wọ́n jókòó. Ó gbé okùn kan jáde, ó ní kí wọ́n sọ iye ẹsẹ̀ tó wà láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n pa ìwé dé. Nobody go change mouth. Ọmọ kan ní ogún. Òmíràn ní irọ́ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọn wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ ńlá ń bá ẹsẹ̀ kékeré jà.

Mo ṣí bírò. Mo wo gbogbo ohun mẹ́wàá tí ìwé náà ní kí n wò. Mo kọ ọ̀kan kún un nísàlẹ̀, èyí tí bàbá mi sọ, mo sì gbé ojú sókè láti fi máàkì sí i. Orí bí ogójì ló wà níwájú mi, pẹ̀lú ti Bùṣírà tí a jọ ń gbé inú ilé kan. Ẹ̀yìn orí nìkan ni mo rí. Mo ti ń wọ́ ara mi káàkiri ìlú yẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ojú sì ń tẹ̀ lé mi níbi gbogbo. Bẹ́ǹṣì náà dún lábẹ́ mi. Kò sí ẹnì kankan tó wẹ̀yìn wò mí.